Ìrìnàjò Ọjọ́ Kan sí Ìlú Jimmy Carter: Ohun Tí Owó Wa Rà àti Ohun Tí Wọ́n Fò Dá

Dọ́là 145 ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin san lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan fún ìrìnàjò ọjọ́ kan láti Atlanta lọ sí Plains, ìlú kékeré tó wà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Georgia, níbi tí wọ́n ti bí Jimmy Carter, ààrẹ kọkàndínlógójì fún orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Owó náà kárí ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, oúnjẹ ọ̀sán, àti amọ̀nà tí yóò máa ṣàlàyé “ìgbésí ayé òṣèlú” ọkùnrin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìpolówó wọn nìyẹn, gbólóhùn kékeré yìí ló sì mú wa yọ owó. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà, nítorí mo ti kọ̀wé sí wọn lórí gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ọ̀gá wọn sì ti fèsì tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé àwọn yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún wa lọ́jọ́ náà ni mo ń gbé lé ìwọ̀n, kí ẹni tó bá fẹ́ ra irú ìrìnàjò bẹ́ẹ̀ lè mọ ohun tó yẹ kó béèrè kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yìn wọ́n níbi tí ìyìn tọ́. Aago méje àárọ̀ ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ní a máa gbéra, aago méje náà la sì gbéra. Bọ́ọ̀sì kékeré náà mọ́, ẹsẹ̀ rí ibi nà sí nínú rẹ̀, awakọ̀ kò sì sá eré àsápajúdé ní gbogbo nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta tí a lò lójú ọ̀nà. Amọ̀nà wa, obìnrin àgbàlagbà kan tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe olùkọ́, ní ohùn tó dùn ún gbọ́, ó sì ní sùúrù fún ìbéèrè, pàápàá fún ìbéèrè ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tí kò sí ohun tí kì í béèrè.

Plains kì í ṣe ìlú tí àjèjì lè sọnù sínú rẹ̀. Àwọn olùgbé rẹ̀ kò tó 700, ọ̀wọ́ ilé ìtajà kan ṣoṣo ló kọjú sí ojú irin, ẹni tó bá sì dúró níbẹ̀ lè fojú rí ohun tó pọ̀ jù lọ nínú ohun tó wá wò. Ohun tó yẹ kí olùsanwó mọ̀ ṣáájú ni pé Plains High School tí Carter àti Rosalynn ìyàwó rẹ̀ ti kàwé, oko tó ti dàgbà ní abúlé Archery, àti ibùdókọ̀ ojú irin tó lò fún ìpolongo ìbò ní 1976, gbogbo wọn wà lábẹ́ ọgbà ìtàn tí ìjọba àpapọ̀ ń tọ́jú, tí wọ́n ń pè ní Jimmy Carter National Historical Park, wọn kì í sì í gba owó ìwọlé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èyí já sí pé ọkọ̀, oúnjẹ àti ẹnu amọ̀nà nìkan ni dọ́là 145 náà rà. Bí ẹnu amọ̀nà bá wá fo ibì kan, owó ẹni ló fò bá a lọ.

Ilé ẹ̀kọ́ náà ni a kọ́kọ́ dé. Wọ́n ti sọ ọ́ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé báyìí, wọ́n sì tún kíláàsì kan ṣe bí ó ti rí nígbà tí Julia Coleman ń kọ́ni níbẹ̀. Olùkọ́ yìí ni Carter dárúkọ lọ́jọ́ tí wọ́n búra fún un ní January 1977, tó ní ó máa ń sọ fún àwọn pé kí àwọn bá ìgbà yí, ṣùgbọ́n kí àwọn má ṣe yí ìlànà tó dára padà. Amọ̀nà wa sọ ìtàn yìí bí ẹni pé olùkọ́ tirẹ̀ ni, bóyá nítorí pé òun náà ti di ṣọ́ọ̀kì mú rí, kò sì sí ẹni tó mikàn nínú kíláàsì náà títí tó fi parí rẹ̀.

Ní ti oko Archery, mi ò rí ohun tí mo lè bá wọn wí. Ilé onípákó ni, baba Carter rà á ní 1928 nígbà tí ọmọ náà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, inú kànga ni wọ́n sì ti ń fa omi títí di 1935 tí wọ́n ri ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ ń yí mọ́lẹ̀ láti máa fà á. Mo tẹ bọ́tìnì kan, ohùn Carter fúnra rẹ̀ ló dáhùn, ohùn pẹ̀lẹ́ tí ń fa ọ̀rọ̀ gùn bí ti àwọn ará gúúsù Amẹ́ríkà, ó ń ròyìn bí ilé náà ṣe rí nígbà èwe rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì nígbà tó parí. Ilé ìtajà baba rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, kò jìnnà ju ibi tí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ lè sáré dé kí itọ́ tó gbẹ. Àwọn aládùúgbò tó pọ̀ jù ní Archery jẹ́ ènìyàn dúdú, àárín ọmọ wọn ni Carter ti ṣeré dàgbà, síbẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ tiwọn àti ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ yàtọ̀, nítorí bí òfin àti àṣà Georgia ṣe rí nígbà náà nìyẹn. Amọ̀nà wa kò fi èyí pa mọ́, mo sì kí i fún un.

Ẹ̀yìn oko ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ó sọ bí Carter ṣe lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ológun ojú omi, bó ṣe bá Ọ̀gágun Hyman Rickover ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ abẹ́ omi tí ń lo agbára átọ́míìkì, bí baba rẹ̀ ṣe kú ní 1953, àti bó ṣe fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀ padà wá bójú tó òwò ẹ̀pà. Gbólóhùn tó tẹ̀ lé e ni pé, “Nígbà tó di 1976, àgbẹ̀ ẹlẹ́pà yìí di ààrẹ.” Ẹ̀gbọ́n mi nawọ́ sókè, ó sì béèrè pé báwo ni ẹlẹ́pà ṣe dédé di ààrẹ láàárín gbólóhùn méjì. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní àdììtú Carter gan-an nìyẹn, ó sì kó wa lọ síbi ère ẹ̀pà.

Kì í ṣe àdììtú rárá. Ọdún mẹ́rin ló lò nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ìpínlẹ̀ Georgia, ó lo mẹ́rin míì gẹ́gẹ́ bíi gómìnà, kí ó tó kúrò ní ìpínlẹ̀ rẹ̀ láti wá ohunkóhun ní Washington. Ibẹ̀ ni ìtàn òṣèlú rẹ̀ ti dùn jù, òun náà ni wọ́n sì gbà owó rẹ̀ lọ́wọ́ wa.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ 1962 nìkan. Títí di ọdún yẹn, ìlànà kan wà ní Georgia tó mú kí ìdìbò abẹ́lé fún ipò gómìnà àti irú rẹ̀ máa lọ ní ìwọ̀n County (ẹ̀ka ìpínlẹ̀ tó dà bí ìjọba ìbílẹ̀), kì í ṣe ní ìwọ̀n iye ènìyàn: County mẹ́jọ tó tóbi jù ní ẹyọ ìbò mẹ́fà mẹ́fà, àwọn 30 tó tẹ̀ lé wọn ní mẹ́rin mẹ́rin, 121 tó kù sì ní méjì méjì. County mẹ́ta tó kéré jọjọ, tí baba ìsàlẹ̀ mẹ́ta bá ti gbá mú, lè fagbára dọ́gba pẹ̀lú gbogbo Atlanta. Ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ fọ́ ìlànà náà, wọ́n sì ní kí Georgia tún àwọn ẹkùn ìdìbò aṣòfin àgbà pín kí ó bá iye ènìyàn mu. Ààyè ṣí lójijì. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù October, ọjọ́ tí Carter pé ọmọ ọdún 38, ó pinnu láti du ipò náà, bẹ́ẹ̀ ni ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ Democrat kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ síwájú. Alága ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ Sumter County ni nígbà náà. Kò tíì du ipò òṣèlú tó jù bẹ́ẹ̀ lọ rí.

Ìlú Georgetown ní Quitman County ni wàhálà ti ṣẹlẹ̀. Joe Hurst ni baba ìsàlẹ̀ ibẹ̀, Homer Moore, olùdíje kejì, ló sì ń tì lẹ́yìn. Hurst dúró sí ibùdó ìdìbò, ó ń sọ ẹni tí wọ́n máa dìbò fún fún àwọn olùdìbò lójúkojú. Nígbà tí wọ́n ṣí àpótí, 420 ìbò ni wọ́n bá nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ iye ẹni tó gba ìwé ìbò jẹ́ 333. Nínú orúkọ tí wọ́n ní ó dìbò, òkú wà níbẹ̀, àwọn kan sì tò tẹ̀ léra ní ìlànà A, B, D, bí ẹni pé gbogbo ìlú tò sórí ìlà gẹ́gẹ́ bí álífábẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá ti gbé láàárín ojóòró rí kò nílò àlàyé lórí èyí. Wọ́n kéde pé Carter fìdí rẹmi. Dípò kó gba kámú, ó wá agbẹjọ́rò, Charles Kirbo láti Atlanta, akọ̀ròyìn John Pennington ti ìwé ìròyìn Atlanta Journal sì wá tú àṣírí náà síta, títí wọ́n fi ka àpótí Georgetown sí asán. Àríyànjiyàn lórí orúkọ ẹni tó yẹ kó wà nínú ìwé ìbò kò dópin títí ọjọ́ ìdìbò gbogbogbòò fi dé ní November, Carter ló sì borí níkẹyìn. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, odidi ìwé kan ni ó kọ lórí ọ̀rọ̀ yìí nìkan. Kirbo kò sì kúrò lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Òun náà ló ń gbà á nímọ̀ràn nígbà tó di ààrẹ.

Kò sí ọ̀kan nínú èyí tó ti ẹnu amọ̀nà wa jáde. Bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé nígbà tí Carter dé ilé aṣòfin, ó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé gbogbo àbá òfin ni òun máa kà kí òun tó dìbò lórí rẹ̀, títí ó fi lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kàwé kíákíá, àti pé lára ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ níbẹ̀ ni pé kí wọ́n yé fi ìbéèrè 30 tí kò sí ẹni tó lè dáhùn wọn tán dí àwọn ènìyàn dúdú lọ́wọ́ láti forúkọ sílẹ̀ fún ìdìbò.

Mo lè fojú fo 1962, kí n ní àkókò kò tó. Èyí tí mi ò lè dárí jì wọ́n ni 1970, nítorí ibẹ̀ ni ẹni tí a wá wò kò ti mọ́ tónítóní. Carter ti kọ́kọ́ du gómìnà ní 1966, ó sì ṣe ipò kẹta nínú ìdìbò abẹ́lé; Lester Maddox, ọkùnrin tó lé àwọn ènìyàn dúdú kúrò nílé oúnjẹ rẹ̀ kó má bàa tà fún wọn, ló di gómìnà. Ọdún mẹ́rin ni Carter fi rìn káàkiri Georgia, tó ń bọ ènìyàn lọ́wọ́, nígbà tó sì tún jáde ní 1970, ìbò àwọn tó fẹ́ràn Maddox gan-an ni ó lọ ń wá. Ó pe Carl Sanders, tó ti ṣe gómìnà rí, ní olówó tí kò mọ ará oko, àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ sì ń pín àwòrán Sanders láàárín àwọn agbábọ́ọ̀lù aláwọ̀ dúdú kiri, kí inú lè bí àwọn tí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ń bí nínú. Ó wọlé. Ní ọjọ́ tí wọ́n búra fún un, 12 January 1971, ó dìde níwájú àwọn ènìyàn kan náà, ó sì sọ fún wọn láì fi bò pé àkókò ìyàsọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ ara ti dópin. Àwọn kan nínú àwọn tó dìbò fún un rí i pé ó ti ta àwọn. Ní February 1974, ó gbé àwòrán Martin Luther King kọ́ sínú ilé ìjọba ìpínlẹ̀ náà, pa pọ̀ mọ́ ti Lucy Laney, olùkọ́, àti Henry McNeal Turner, bíṣọ́ọ̀bù, aláwọ̀ dúdú bíi tirẹ̀.

Ṣé ọlọ́gbọ́n ni ọkùnrin yìí ni, àbí ẹlẹ́nu méjì? Èrò tèmi ni pé ó jẹ́ méjèèjì, àti pé mo san dọ́là 145 kí n lè gbọ́ àríyànjiyàn irú èyí lẹ́nu ẹni tó mọ ibẹ̀. Ère ẹ̀pà ni mo rí. Ẹ̀pà ńlá kan tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 13 ni, eyín rẹ̀ funfun báláú bí ti Carter, àwọn ará Indiana ló ṣe é ní 1976 láti fi kí i káàbọ̀. Ogójì ìṣẹ́jú la fi dúró níbẹ̀ kí gbogbo ọkọ̀ tó ya àwòrán tán. Ó pani lẹ́rìn-ín, mi ò sẹ́.

Oúnjẹ ọ̀sán wà nínú páálí. Búrẹ́dì rẹ̀ gbẹ, tòlótòló inú rẹ̀ kò sì ní iyọ̀. Kò sí ohun tí mo tún fẹ́ sọ lórí rẹ̀.

Ibùdókọ̀ ojú irin ni amọ̀nà wa ti padà sípò. Wọ́n ti kọ́ ilé náà láti 1888, ọkọ̀ èrò kì í sì í dúró níbẹ̀ mọ́ nígbà tí Carter gbà á fún ìpolongo. Ìdí tó fi wù ú, gẹ́gẹ́ bí obìnrin náà ṣe sọ ọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín, ni pé ó ṣófo, ó sì ní ilé ìyàgbẹ́ tó ń ṣiṣẹ́. Inú yàrá kótópó yìí ni wọ́n ti darí ìdíje tó fi ìbò aṣojú 297 (ìbò àwọn aṣojú ìpínlẹ̀ tó ń yan ààrẹ) borí 240 ti Gerald Ford, ààrẹ tó wà lórí oyè nígbà náà. Ó sọ bí àwọn ará Georgia ṣe fi owó ara wọn wọkọ̀ lọ sí New Hampshire nínú òtútù, tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn láti sọ fún àwọn tí kò mọ̀ wọ́n rí irú ènìyàn tí aládùúgbò wọn jẹ́. Ohun tó dára ni, mo sì gbádùn rẹ̀, àmọ́ ìbéèrè ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà nílẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kò lè fi ilé sílẹ̀ nítorí ẹlẹ́pà lásán. Gómìnà wọn ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Lójú ọ̀nà àbọ̀ ni ó ti sọ̀rọ̀ lórí ipò ààrẹ, ó sì sọ ọ́ déédéé: àdéhùn Camp David láàárín Íjíbítì àti Ísírẹ́lì ní September 1978, ìwé àdéhùn lórí odò àtọwọ́dá Panama, àwọn ará Amẹ́ríkà 52 tí wọ́n há mọ́ Iran fún ọjọ́ 444, àti bí Ronald Reagan ṣe fi ìbò aṣojú 489 sí 49 gbá a dànù ní 1980. Ó ní Carter kò mọ bí wọ́n ṣe ń bá àwọn aṣòfin Washington dọ́rẹ̀ẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ní Georgia, nǹkan bí 300 àjọ àti ẹ̀ka ìjọba ni ó fún pọ̀ mọ́ ara wọn títí wọ́n fi di 22, tó sì ní kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan wá ṣàlàyé gbogbo owó rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún, láì bìkítà nípa aṣòfin tí inú bí. Ní 1973, ó kọ̀ fún wọn láti dí Odò Flint ní Sprewell Bluff, nítorí ó ti ka ìwé ìṣirò àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, kò sì gbà á gbọ́. Nígbà tó dé Washington ní 1977, àwọn iṣẹ́ ìdídò tí àwọn aṣòfin fẹ́ràn ni ó kọ́kọ́ gbé àáké lé, inú sì bí wọn gidigidi. Ẹni tó bá mọ gómìnà náà kò ní ya ẹnu sí ààrẹ náà.

Ìgbà kan ṣoṣo tí ọ̀rọ̀ já mọ́ amọ̀nà wa lẹ́nu ni ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi sọ pé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ni òun ní Èkó nígbà tí Carter wá kí Ọ̀gágun Ọbásanjọ́ ní 1978. Obìnrin náà kò mọ̀ nípa ìrìnàjò yẹn rí. Bẹ́ẹ̀ ni ó mọ̀ pé Carter Center, àjọ tí Carter dá sílẹ̀, bá àrùn sòbìà jà, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé ilẹ̀ wa wà lára ibi tí sòbìà ti tán. Ẹ̀gbọ́n mi wá gbìyànjú láti túmọ̀ “kí sòbìà tó degbò, olúgàǹbe là á ké sí” fún un sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Mo sùn kí ó tó parí ìtumọ̀ náà.

Bí mo bá máa fún wọn ní ìràwọ̀, mẹ́ta nínú márùn-ún ni: mẹ́rin fún ọkọ̀, àkókò àti ìwà amọ̀nà, méjì péré fún ohun tí wọ́n polówó. Ẹni tí kò lè wakọ̀, tó sì fẹ́ fojú rí oko àti ibùdókọ̀ náà, kò ní kábàámọ̀. Ẹni tó bá lè wakọ̀, kó wakọ̀ rẹ̀ lọ, nítorí ohun tó dára jù níbẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́. Bí ó bá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ òṣèlú ló gbé ọ dé ibẹ̀, béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ gba owó rẹ bóyá wọn yóò sọ ọ̀rọ̀ Georgetown, kí o sì gbọ́ ohun tí wọ́n máa fi dá ọ lóhùn.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ibi tí bọ́ọ̀sì wa ti gbéra ní Atlanta kò jìnnà sí ilé ìjọba ìpínlẹ̀ náà, èyí tí òrùlé rẹ̀ rí róbótó, tí wọ́n sì fi wúrà ìlú Dahlonega ní Georgia bò. A gba iwájú rẹ̀ kọjá láàárọ̀, amọ̀nà ń sọ̀rọ̀ ẹ̀pà lọ. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi fẹsẹ̀ ara wa rìn lọ síbẹ̀. Ère Carter wà ní ọgbà ìta, wọ́n ṣe é pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ká apá rẹ̀ sókè. A wọlé lọ wá àwòrán King. Mo fi àwòrán ère náà ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ arìnrìnàjò wa, mo sì kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé ìṣẹ́jú ogún péré ni yóò gbà wọ́n. Ọ̀gá wọn dáhùn pé ilé ìjọba kì í ṣí ní Sátidé. Mo dá a lóhùn pé ère wà níta.